Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé síkíríìnì sí ibùdókọ̀ rí: Windows, Linux àbí Android, èwo ni ká rà?

ọmọ_bọ́ọ̀sì
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, iṣẹ́ kan já lé mi léjìká, mi ò sì fẹ́ kó dójú tì mí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ gbé síkíríìnì síbi tí èrò ti ń dúró, èyí tí á máa sọ pé bọ́ọ̀sì báyìí ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú báyìí. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 46. Ọ̀gá mi ní Windows ni ká lò torí òun làwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe mọ̀. Ẹni tó fẹ́ bá wa ṣe é ní Android box kékeré yẹn ti tó, ká kàn so ó mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn. Èmi ní tèmi, Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà pélébé tó ń lo Linux, ló wù mí, mo ní ọ̀kan nílé tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, kò yọ mí lẹ́nu rí. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀? Kí lẹ lò, kí ló bàjẹ́? Ẹ má wò ó pé á dùn mí, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
Pi. Kò sọ́rọ̀ mọ́.

Bàbá_Sọ́kẹ́ẹ̀tì
Ọ̀rọ̀ ṣì wà o @pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àbúrò ọmọ_bọ́ọ̀sì, Pi tó wà nílé ẹ yẹn, ṣé iná máa ń já mọ́ ọn lójú níbi tó ti ń kọ nǹkan sínú káàdì? Èmi gbé mẹ́rìnlélógún síta ní 2020, Pi 4 ni gbogbo ẹ̀, káàdì microSD pọ́ọ́kú tí mo rí rà ni mo kó sọ́fúwíà sí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kó tó di oṣù kẹjọ, káàdì mẹ́sàn-án ti kú. Iná á lọ, iná á padà dé, síkíríìnì á dúdú, ìlà funfun mẹ́ta á wà lókè, èrò á sì máa ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, mi ò lè dá Pi lẹ́bi. Mo jẹ́ kó máa kọ log, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó ń ṣe, sínú káàdì tọ̀sán-tòru, mo tún fi ṣájà fóònù gbé e, bẹ́ẹ̀ 5 volt, 3 amp ni Pi 4 ń fẹ́, ṣájà yẹn ò sún mọ́ ọn.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí. Nínú raspi-config, ibi tí wọ́n ti ń to Pi, wàá rí Overlay File System, tàn án. Látìgbà náà kò ní kọ ohunkóhun sínú káàdì mọ́, inú RAM, ìrántí tó ń parẹ́ tí iná bá lọ, ni gbogbo ẹ̀ á ti máa ṣẹlẹ̀, iná ì báà lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, bó ṣe wà lọ́jọ́ tó o tàn án ló máa dìde. Lẹ́yìn ìyẹn mo fi káàdì sílẹ̀ pátápátá, mo lọ sí Compute Module 4, irú Pi kan tó ní eMMC, ibi ìpamọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, lára. Mo sì tan watchdog. Nínú chip Pi nǹkan kan wà tó ń retí kí sọ́fúwíà máa fọwọ́ kàn án, tí kò bá gbúròó ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15, á pa gbogbo ẹ̀, á tún un tàn. Láti 2022 mi ò tíì gun àkàbà torí Pi tó dì.

aago_ò_dúró
Bàbá ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ẹ gbàgbé aago. Pi 4 àtàwọn tó ṣáájú ẹ̀ ò ní aago tó ń rìn nígbà tí iná bá lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba àkókò. Ẹ wá wò ó pé iná dé, íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì dé, aago ògiri yín á wà níbi tó bá wù ú. Kò tán síbẹ̀ o, tí aago bá ti ṣì, https, ọ̀nà ààbò tó fi ń gba dátà látọ̀dọ̀ sáfà, gan-an lè kọ̀, torí á máa wo ìwé ẹ̀rí sáfà bíi pé ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé, ẹ̀yin á máa dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi lásán. Pi 5 ti ní aago lára, bátìrì ẹ̀ ni wọn kì í kó mọ́ ọn, ẹ rà á lọ́tọ̀.

ẹni_ọ́fíìsì
Ẹ jẹ́ kí n gbè lẹ́yìn ọ̀gá ọmọ_bọ́ọ̀sì díẹ̀, torí mo mọ̀ pé gbogbo yín lẹ máa dà bò ó. Ẹni tó máa tún nǹkan yìí ṣe ní ọdún mẹ́rin òní ńkọ́? Tó bá jẹ́ Windows nìkan làwọn ará ọ́fíìsì gbọ́, Linux tó jẹ́ ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n á di ẹrù orí ẹ, ọjọ́ tó o bá lọ ìsinmi gan-an ni wọ́n máa pè ọ́. Àmọ́ kì í ṣe Windows inú láptọ́ọ̀pù o. IoT Enterprise LTSC, irú Windows tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ bí irú èyí, ni kẹ́ ẹ béèrè. Kì í pààrọ̀ ojú lọ́dọọdún, ó sì ní Unified Write Filter, iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú overlay tí Bàbá sọ. Windows Pro ò ní in. Ẹ tan kiosk, kó jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo ló máa hàn, ẹ pa gbogbo nǹkan tó máa ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ wá fi update sí aago mẹ́ta òru. Èmi gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ni síkíríìnì bá ń bẹ èrò láago méje àárọ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má pa kọ̀ǹpútà òun.

linux_ni_tèmi
Windows kẹ̀! 😂 Àbí ẹ ti gbàgbé 19 oṣù keje 2024, tí síkíríìnì pápákọ̀ òfurufú káàkiri ayé di búlúù, táwọn kan ń fi bírò kọ àkókò ọkọ̀ sórí pátákó funfun? Oṣù karùn-ún 2017 ńkọ́, tí kòkòrò WannaCry wọ síkíríìnì Deutsche Bahn, ilé iṣẹ́ reluwé ní Jámánì, ẹni tó ń wo àkókò reluwé wá ń ka ibi tí wọ́n ti ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Windows 10 fúnra ẹ̀ sì ti parí ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Òkú lẹ fẹ́ gbé kọ́ ògiri.

ẹni_ọ́fíìsì
Ẹ rọra. Ti 2024, Windows kọ́ ló ṣubú fúnra ẹ̀, update CrowdStrike ni, sọ́fúwíà ààbò, nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ló sì kàn. Ẹ ki irú ẹ̀ bọ Linux kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọ inú kernel, àárín gbùngbùn ẹ̀, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀. WannaCry, Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti oṣù kẹta ọdún yẹn, àwọn tí ò fi sí i ló mú. Ti Windows 10, ti ilé lẹ ń sọ. IoT Enterprise LTSC 2021 di oṣù kìíní 2032. Ṣùgbọ́n ẹ ya ojú yín o: LTSC 2021 mìíràn wà tí kò ní IoT lórúkọ, oṣù kìíní 2027 ni tiẹ̀ parí, orúkọ wọn sì jọra débi pé ẹni tó ń tà á lè má mọ̀yàtọ̀.

linux_ni_tèmi
Ti CrowdStrike, mo gbà, mo sọ àsọdùn. Ti ẹni tó máa tún un ṣe ni mi ò gbà. Ohun tí mò ń gbé kalẹ̀ ò ju Debian (irú Linux kan), Chromium (tó ń ṣí ojú ewé) pẹ̀lú --kiosk, àti ojú ewé kan ṣoṣo lọ. Ìwé pélébé kan ni mo fún wọn: tó bá kọ̀, pa á, tàn án, tó bá tún kọ̀, tú u, gbé àpótí mìíràn síbẹ̀, kó o wá fi tọ̀hún ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí ò mọ Linux ló ń ṣe é. Debian kọ̀ọ̀kan sì ń rí àtúnṣe ààbò fún bí ọdún 5 tẹ́ ẹ bá ka LTS, àtúnṣe ọlọ́jọ́ pípẹ́, mọ́ ọn. Chromium ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, tó bá jókòó pẹ́ á máa jẹ RAM díẹ̀díẹ̀, aago mẹ́rin òru ni tèmi ń tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìyá_Gíláàsì
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ẹ ń pa lápálápá. Windows o, Linux o, èrò ò rí ìkankan níbẹ̀. Síkíríìnì ni wọ́n ń rí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń so síkíríìnì, ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lójú mi ni kí wọ́n lọ ra tẹlifíṣàn pálọ̀ kí wọ́n gbé e kọ́ síta. Nits ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ síkíríìnì, 250 sí 400 ni ti tẹlifíṣàn ilé sábà máa ń jẹ́. Nínú ilé ó tó. Lójú oòrùn, 2,500 sókè lẹ máa wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dígí lẹ gbé kọ́, èrò á máa fi túnra ṣe. Wàhálà kejì ni ooru. Nínú LCD lásán, èròjà olómi kan ló ń darí ìmọ́lẹ̀, tó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 70 sí 80 °C kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀ mọ́, ibi tí oòrùn bá bà lójú síkíríìnì á dúdú bí ẹni da taró sí i. Tó bá tutù á padà bọ̀ sípò, àmọ́ ọ̀sán gangan ló máa ń ṣe é, ìgbà tí wọ́n nílò ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìta ń gbà dé 110 °C. Ẹ béèrè TNi ẹ̀, ìwọ̀n ooru tó lè gbà yẹn, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Tí kò bá mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Àpótí ẹ̀, IP65 ó kéré tán: 6 yẹn ni pé eruku ò wọ̀ ọ́ rárá, 5 ni pé omi tó ń tú látẹnu páìpù ò ní wọ̀ ọ́. IK10 ni ti àwọn tó ń sọ òkò, ó ń gba ìkọlù 20 joule. Iná ẹ̀yìn tí wọ́n kọ 50,000 wákàtí sí, ẹ ṣírò ẹ̀, tó bá ń tàn tọ̀sán-tòru ọdún 5 àti oṣù díẹ̀ ni. Ẹ fi ohun tó ń wo ìmọ́lẹ̀ sí i kó máa rẹlẹ̀ lóru, ó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní máa fọ́ èèyàn lójú. Ó ku ọ̀kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi gíláàsì oòrùn polarized wò ó. Àwọn síkíríìnì kan wà tó jẹ́ tẹ́ ẹ bá ti gbé e dúró lóòró, ẹni tó wọ gíláàsì yẹn ò ní rí nǹkan kan, òkùnkùn biribiri.

pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́
Màmá ẹ ṣeun. Kí ló dé tí wọn ò kúkú lo pátákó LED aláwọ̀ ọsàn yẹn? Oòrùn ò lè rí i gbé ṣe.

Ìyá_Gíláàsì
O sọ òótọ́. Tó bá jẹ́ ìlà mẹ́ta ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́, òun ló dáa jù lójú oòrùn, kì í sì í jẹ iná bí LCD tó mọ́lẹ̀ gan-an yẹn. Máàpù ni kò lè gbé.

olùkọ́_àmì
Kẹ́ ẹ tó sáré ra LED, ẹ ní kí wọ́n kọ "Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ọjà" sórí ẹ̀ kẹ́ ẹ rí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Púpọ̀ nínú pátákó yẹn, lẹ́tà tí wọ́n kó sínú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ nìkan ló mọ̀, á àti à lè wà níbẹ̀ torí àwọn èdè Yúróòpù, ṣùgbọ́n ẹ, ọ, ṣ ò sí, àpótí òfìfo ló máa gbé jáde fún yín. Ẹ́ àti ọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀, Unicode, ètò nọ́ńbà lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ò fún ìkọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà ni lákọ̀ọ́kọ́ kí àmì ohùn tó gùn ún lórí, font tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé e, ẹ̀gbẹ́ ló máa jù ú sí. Lórí Linux tàbí Windows, font Noto Sans ṣe é láìjanpata. Ti LED, ẹ gba èyí tó lè gba ọ̀rọ̀ bí àwòrán látọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì fi ìlà tó ga ní dóòtì 7 sílẹ̀, kò sáyè fún dóòtì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè níbẹ̀. 16 sókè.

àpótí_dúdú
Kò sẹ́ni tó dá sí Android. Mo ń lò ó, ó ń ṣiṣẹ́, 60 ni mo ní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe box aláìlórúkọ tí oníṣẹ́ yẹn ń sọ. Síkíríìnì ńlá tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn ní Android lára, kò sí box, kò sí wáyà HDMI tó máa bọ́, kò sí páwà méjì. Ẹ kàn gba àkọsílẹ̀ iye ọdún tí wọ́n máa fi gbé àtúnṣe jáde fún un. Àwọn box pọ́ọ́kú ńkọ́, àwọn kan ti rí èyí tó jẹ́ pé látinú páálí ni kòkòrò ti wà nínú ẹ̀. FBI Amẹ́ríkà gan-an kìlọ̀ lórí BADBOX 2.0, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, ní oṣù kẹfà 2025. Ẹ má so irú ẹ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú sáfà yín o.

ọmọ_bọ́ọ̀sì
Orí ń fọ́ mi àmọ́ ó dùn mọ́ mi. Mo lọ káàkiri lónìí, mo kà á: 30 wà nínú ilé, 10 wà lábẹ́ òrùlé lásán tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bá fínra, 6 tó kù, òpó lásán ni, kò sí iná níbẹ̀, kò sí wáyà, wọ́n sì ní àwọn ò ní walẹ̀. Oníṣẹ́ yẹn ní fún 30 inú ilé ká lo kọ̀ǹpútà kan fún mẹ́fà mẹ́fà, ká fi splitter pín in.

Bàbá_Sọ́kẹ́ẹ̀tì
Má gbà. Kọ̀ǹpútà kan kú, mẹ́fà ṣókùnkùn.

linux_ni_tèmi
Àfi tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dojú kọ ibì kan náà tí ohun kan náà sì wà lójú wọn, ìyẹn ni mo lè gbà.

bátìrì_kékeré
Ti òpó mẹ́fà yẹn, e-paper. Kì í jẹ iná àfi ìgbà tó bá ń pààrọ̀ ohun tó wà lójú ẹ̀, sólà pẹlẹbẹ kan àti bátìrì lè gbé e. Oòrùn tí Màmá ń bá jà, ọ̀rẹ́ e-paper ni, bí oòrùn bá ṣe ń ràn ló ṣe ń hàn sí i, bíi bébà. Lóru ni kò ní ìmọ́lẹ̀ tara ẹ̀, ẹ fi iná kékeré sí i, tàbí bọ́tìnnì tí èrò á fi tan iná. Ẹ má retí kó máa yí bíi tẹlifíṣàn o, ìṣẹ́jú kan sí kan ti tó. OS tí ẹ ń jà lé lórí yìí, níbẹ̀ kò sí Windows kò sí Linux, chip kékeré bíi ESP32 pẹ̀lú FreeRTOS ni, á sùn, á jí, á béèrè, á kọ ọ́, á tún sùn. Ohun tó máa jẹ bátìrì yín ni módẹ̀mù, ẹ má jẹ́ kó wà lójúfò títí.

dátà_lọ̀rọ̀
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, kò sì sẹ́ni tó béèrè ibi tí ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ kọ yẹn ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Síkíríìnì tiwa ò kú rí, ó mọ́ gaara, kọ̀ǹpútà tó dáa, àpótí tó dáa. Lọ́jọ́ kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ojú ewé yẹn ò sọ fẹ́nì kankan, ó dúró sórí "ìṣẹ́jú 2" fún ogójì ìṣẹ́jú. Màmá àgbà kan jókòó síwájú ẹ̀ títí, bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń dúró dè ti kọjá kí wọ́n tó dé. Síkíríìnì tó kú, èèyàn á mọ̀ pé ó kú, á bi ẹlòmíì. Èyí tó ń parọ́ ni kò ní jẹ́ kó dìde.

Nítorí náà: tó bá jẹ́ GTFS Realtime, fáàlì tó ń sọ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń rìn lójú ẹsẹ̀, lẹ ń lò, àkókò tí wọ́n ṣe fáàlì náà wà lórí ẹ̀, timestamp ni wọ́n ń pè é. Kí síkíríìnì máa wò ó. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kó yọ "ìṣẹ́jú báyìí" kúrò, kó kọ aago tó wà nínú tímùtébù, kí àwọ̀ ẹ̀ sì yàtọ̀ kí èrò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ti ojú ẹsẹ̀. Tímùtébù yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú àpótí náà tẹ́lẹ̀. Ẹ má kó odidi GTFS, fáàlì tímùtébù gbogbo bọ́ọ̀sì, lé Pi lórí pé kó máa tú u, sáfà ni kó tú u, kó fi ìlà mẹ́wàá tó kan ibùdó yẹn ránṣẹ́. Ẹ tún ṣọ́ aago òru: nínú GTFS, bọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí tó kọjá ọ̀gànjọ́, 25:10:00 ni wọ́n lè kọ ọ́, ìyẹn aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òru. Tiwa gbé 25:10 yẹn síta bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́nì kan tó pè wá.

aago_ò_dúró
Ìdí tí mo fi pariwo aago nìyẹn. Síkíríìnì tí aago ẹ̀ ṣì, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé dátà ti pé ìṣẹ́jú mẹ́ta?

dátà_lọ̀rọ̀
Ó gba ibẹ̀. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rárá.

ọmọ_bọ́ọ̀sì
Ẹ gbọ́ ibi tá a dé. Ọ̀gá mi gbà, lẹ́yìn tí mo fi ọ̀rọ̀ ìwé pélébé linux_ni_tèmi hàn án. 30 inú ilé: Debian lórí kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní fáànù, àpótí kan síkíríìnì kan, síkíríìnì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́. 10 abẹ́ òrùlé: LED dóòtì 16, Pi 5 á máa darí ẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa lọ bí àwòrán. 6 tó kù, e-paper. Ẹni_ọ́fíìsì ẹ má bínú, Windows á wà lórí kọ̀ǹpútà tá a ti ń ṣọ́ gbogbo ẹ̀ 🙏

ẹni_ọ́fíìsì
Mi ò bínú. Má gbàgbé pé ìwọ ni wọ́n máa pè.

Bàbá_Sọ́kẹ́ẹ̀tì
Ó dáa. Kó o tó gbé ìkankan jáde, gbé Pi yẹn sórí tábìlì, yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò, máa já iná mọ́ ọn lójú. Àádọ́ta ìgbà. Má ka márùn-ún kó o ní ó ti tó.

ọmọ_bọ́ọ̀sì
Bàbá, mo ti já a ní ìgbà 31. Kò kú rárá, ó ń dìde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá dìde, ọjọ́ Sátidé ló ń sọ, ọjọ́ tí mo tan overlay gan-an. Mo rò pé Pi 5 ti ní aago lára?

aago_ò_dúró
Aago wà. Bátìrì dà?

ọmọ_bọ́ọ̀sì
…mò ń bọ̀.